Ọpọ́n Ayò Bàbá Mi àti Ohun Tí Mo Kó Sílé Kí N Tó Lọ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù mi kúrò, mo jókòó nínú ilé ìdáná wa ní àdúgbò Àpàkè ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ń wo àwọn ìkòkò wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó kéré nínú wọn. Ìkòkò tí a fi ń rokà lè bọ́ ènìyàn mẹ́wàá, abọ́ ọbẹ̀ kan ṣoṣo nínú àwọn tí ìyá ọkọ mi kó fún wa nígbà ìgbéyàwó sì lè gba gbogbo ohun tí èmi yóò máa jẹ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ilé àlejò àti oúnjẹ púpọ̀ ni ilé wa, bí ọ̀pọ̀ ilé ti rí ní ìlú yìí, mo sì rí i pé bí mo bá padà sínú rẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ náà, ara mi kò ní tètè yá.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ìwọ̀n mi jẹ́ kílò 131, mo ti ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà fún ọdún mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wà lára mi kí n tó pé ogójì ọdún. Orúnkún mi kò gbà fún mi mọ́ láti dúró kọ́ kíláàsì méjì tẹ̀léra. Mo ti fi àmàlà sílẹ̀, mo ti máa ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé Takié ní ìdájí, mo fi kílò mẹ́jọ fọn, mo sì tún gba mẹ́wàá padà. Nígbà tí dókítà tó ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà mi mẹ́nu ba iṣẹ́ abẹ, ó ṣàlàyé fún mi pé wọn yóò gba ojú ihò kéékèèké lára ikùn mi wọlé, wọn yóò gé apá tó gbòòrò nínú àpòlúkù kúrò, èyí tó kù yóò sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Sleeve gastrectomy ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó ni a ti ṣe é, ní oṣù kejì ọdún tó kọjá.

Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń bi mí ní iye owó, wọ́n sì máa ń bi mí bóyá ó dùn mí. Ohun tí wọn kì í béèrè ni ohun tí mo tò sínú ilé kí n tó lọ, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà ti wáyé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà kí n tó tún lè jókòó ti oúnjẹ tí àwọn ará ilé mi ń jẹ.

Omi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni dókítà oníṣẹ́ abẹ náà tẹnu mọ́ jù. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tó máa ń dá ènìyàn padà sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí ni pé omi ara rẹ̀ gbẹ. Ènìyàn gbọ́dọ̀ mu tó lítà kan àti ààbọ̀ lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ àpòlúkù tuntun náà kò lè gbà ju díẹ̀díẹ̀ lọ. Bí a bá gbé omi mu gbàgbà bí a ti máa ń ṣe nígbà tí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ bá mú, ìrora yóò gbá àyà mú, omi náà yóò sì padà wá. Ìwọ̀n tí wọ́n fún mi ni mílílítà 30 ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ mílílítà 500, nítorí náà ọ̀rá mẹ́ta ni omi ọjọ́ kan, ọ̀rá mẹ́ta náà sì jẹ́ 50 nínú ife kékeré oníke onímílílítà 30, irú èyí tó máa ń bá oògùn olómi wá. Mo lọ sí kẹ́míìsì, mo sì ra méjìlá nínú ife bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi bá mi níbi tí mo ti ń fọ̀ wọ́n. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Owó èlùbọ́ tí wọ́n ń tà ní ọjà Wàsò ni wọ́n fi rán àwa ọmọ márààrún níwèé. Wọ́n mú ife kan, wọ́n yí i po láàárín ìka méjì, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, wọ́n sì ń fi èékánná tọ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀.

“Èyí ni wàá fi máa mu omi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òun náà ni màá fi máa mu omi ẹja.”

“Ọmọ ọwọ́ gan-an mu ju èyí lọ.”

Wọ́n gbé ife náà sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n sì bi mí ní ohun tí mo mọ̀ pé ó ti wà lọ́kàn wọn láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní, “Ṣé n kò bọ́ ẹ dáadáa ni?” Lójú àwọn ìyá wa, ara ọmọ ni aráyé fi ń mọ ìtọ́jú ìyá rẹ̀. Ọmọ tó bá rù, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò lójú. Kí ọmọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bọ́ wá máa sanwó kí a lè bá a gé ibi tí oúnjẹ ń wọ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Mo kúnlẹ̀. Mo rán wọn létí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tí ìtọ̀ ṣúgà mú kí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì sọ pé ohun tí mo ń sá fún nìyẹn, pé kò sí ẹ̀sùn kankan nínú rẹ̀ fún wọn. Wọn kò fèsì. Wọ́n ki oríkì mi, wọ́n sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dé, wọ́n sì gbé ohun kan dání nínú ìró tó ti gbó. Ọpọ́n ayò bàbá mi tó ti kú ni. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì, wọ́n da ọmọ rẹ̀ síta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sínú ojú ọpọ́n ní mẹ́rin mẹ́rin, bí a ti ń ṣe kí a tó ta ayò. Wọ́n ti fi òru ro ó. Ife mẹ́rin ni wákàtí kan, ọmọ mẹ́rin sì ni ojú kan. Ojú ọpọ́n jẹ́ méjìlá. Láti agogo méje àárọ̀ títí di agogo méje alẹ́ jẹ́ wákàtí méjìlá. Bí mo bá mu ife kan, kí n mú ọmọ kan kúrò nínú ojú. “Bí ojú kan bá tán kí wákàtí tó pé, o ń kánjú. Bí wákàtí bá pé tí ọmọ ṣì ń bẹ nínú rẹ̀, o ti gbàgbé ara rẹ nìyẹn.” Mo tún mú bírò. Ọmọ ayò 48, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dúró fún mílílítà 30, jẹ́ mílílítà 1,440. Ife méjì tó kù, oògùn alẹ́ ni mo fi wọ́n lò.

Mo ti ṣètò aago sínú fóònù mi tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń dún. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ìrora máa ń pa aago, á sì padà sùn. Ọmọ ayò kì í dún, ibẹ̀ ló wà, ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá ń rí i, àwọn ọmọ mi sì máa ń sọ fún mi láti ẹnu ọ̀nà pé, “Mọ́mì, ó ku méjì nínú ojú yìí.” Nínú gbogbo ohun tí a kó sílé, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ tó o.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gba àròjinlẹ̀ jù, nítorí pé ohun tí a ń fún aláìsàn nílẹ̀ wa àti ohun tí ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé nílò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ògì ni gbogbo ènìyàn rò pé n ó máa mu. Ó ń lọ lọ́fun wọ̀ọ̀, kò sì ta ko ikùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sẹ́ ògì, eèpo àti ọmọ inú àgbàdo, níbi tí púpọ̀ nínú ohun aṣaralóore rẹ̀ wà, máa ń bá eèrí lọ, a sì ń dà á fún ẹran jẹ. Èyí tó ṣẹ́kù fún aláìsàn kò ní purotéènì púpọ̀ nínú. Wọ́n sì ti sọ fún mi pé mo nílò ó kéré tán gíráàmù 60 purotéènì lójúmọ́, kí ojú abẹ lè jiná, kí iṣan má sì bá ọ̀rá yọ́ dànù. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà. Ta ló lè jẹ ẹyin mẹ́wàá pẹ̀lú àpòlúkù tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀? Nítorí náà, mo ra mílíìkì oníyẹ̀fun tí a ti yọ ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀, agolo ìyẹ̀fun purotéènì kan tí kò ní ṣúgà, àti sóyà tí a lè fi ṣe wàrà sóyà nílé. Wàrà sóyà tí a bu ṣíbí mílíìkì méjì sí di oúnjẹ gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mímu ni.

Ètò dókítà kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, kí oníkálùkù gbọ́ ti ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí tèmi ṣe lọ ni pé ohun tó mọ́ gaara nìkan ni mo mu ní ọjọ́ àkọ́kọ́, omi àti omi ẹja tí a sẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni ohun mímu tó nípọn díẹ̀, títí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin jẹ́ ti ohun tí a lọ̀ kúnná láìní kókó, ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà sì jẹ́ ti ohun rírọ̀, bí ẹyin, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀, àti wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, èyí tí mo máa ń tún bọ̀ nínú omi gbígbóná. Asẹ́ aláṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì ni mo yà sọ́tọ̀ fún omi ẹja àrọ̀. Mo ra ṣíbí kékeré mẹ́fà àti àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé ife tíì lé. Mo kó gbogbo abọ́ ńlá sókè àjà, kí ẹni tó bá fẹ́ bu oúnjẹ fún mi má baà rí wọn.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn kíyè sí. Mo ti kà pé ó dára kí ènìyàn se oúnjẹ sílẹ̀, kó pín in sí kékeré, kó sì fi í sí fíríìsà. Ní ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó lọ, mo se omi ẹja, mo lọ ẹ̀wà bíbó tí mo ti sè, mo sì pín wọn sínú ike kéékèèké ogójì, mo kọ ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíráńsífọ́mà àdúgbò wa bàjẹ́ lọ́jọ́ kẹrin. Jẹnẹrétọ̀ wa ṣiṣẹ́ fún alẹ́ kan, ó sì dákẹ́. Nígbà tí iná fi máa dé, òórùn ti ń jáde láti inú fíríìsà, ọmọbìnrin mi àti èmi sì da ike ogójì náà dànù lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́yìnkùlé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kì í ṣe nítorí ẹja. Ó dà bíi pé mo ti fi agbára tí mo ní kù sínú àwọn ike yẹn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo pinnu pé ohun tí kò bá lè dúró láìsí iná kò ní sí nínú ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mílíìkì oníyẹ̀fun, ẹ̀wà bíbó tí a ti sá gbẹ, edé lílọ̀, ẹja gbígbẹ, fúláàsì tí ń mú omi gbóná: àwọn wọ̀nyí ni mo kó jọ. Ohun tútù, kí a máa rà á ní ọjọ́ tí a óò sè é, kí a sì máa sè é níwọ̀nba.

Oògùn ní tirẹ̀ gba agbọ̀n kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Omeprazole wà nínú rẹ̀ fún omi kíkan inú àpòlúkù, parasitamọ́ọ̀ olómi wà fún ìrora. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen, diclofenac àti àwọn ìyekan wọn lè dá egbò sínú àpòlúkù, mo sì yẹ gbogbo dúrọ́ọ̀ inú ilé wò, mo kó èyí tí mo rí dànù, títí kan èyí tó wà nínú báàgì ìyá mi. Fáítámì náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú B12, kálíṣíọ̀mù, àti èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀. Kálíṣíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í bá ara wọn ṣe pọ̀, wákàtí méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, nítorí náà mo so òwú pupa mọ́ ìgò ọ̀kan, mo so funfun mọ́ ìkejì. Títí ayé ni lílo fáítámì yìí. Kí ẹni tí kò bá lè máa rà á lóṣooṣù tún inú rò kó tó dáwọ́ lé iṣẹ́ abẹ náà. Nítorí pé n kò lè gbé hóró oògùn ńlá mì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo béèrè lọ́wọ́ dókítà èyí tí a lè lọ̀, mo sì ra odó kékeré kan fún un, èyí tí ata kò kàn rí.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà àti ẹ̀rọ ìfúnpá ti wà nílé wa tẹ́lẹ̀. Bátìrì nìkan ni mo pààrọ̀. Wọ́n ṣe pàtàkì ju bí mo ti rò lọ, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ṣúgà ara mi ti ń lọ sílẹ̀, bí mo bá sì ti ń bá oògùn àtijọ́ lọ ní ìwọ̀n tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè mú kí n dákú. Dókítà dín in kù lórí fóònù, nítorí pé nọ́ńbà wà nínú ìwé tí mo lè kà fún un.

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń gún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ní ikùn, fún ọjọ́ mẹ́wàá. A kó ibùsùn sí yàrá ìsàlẹ̀ kí n má baà máa gun àtẹ̀gùn. Mo rán bùbù mẹ́rin, nítorí ìró kò ṣeé so lórí ojú abẹ. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ gbé ju kílò mẹ́rin lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èyí tó túmọ̀ sí pé kéègì omi onílítà mẹ́rin ni òpin agbára mi, kò sì sí ọ̀rọ̀ gúngún iyán tàbí fífa garawa láti ẹnu ẹ̀rọ. Ọkọ mi gbé ike ńlá sínú balùwẹ̀, àwọn ọmọ ń pọn omi kún un láràárọ̀, mo sì ń fi igbá kékeré bù ú wẹ̀.

Ọ̀nà jíjìn ló bà mí lẹ́rù jù. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó ju 200 kìlómítà lọ, bí nǹkan kan bá sì já nínú ikùn mi ní òru, ọwọ́ ẹni tó gé mi kò lè tó mi. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ìwé fún mi, ojú ewé kan péré: irú iṣẹ́ abẹ tí a ṣe, ọjọ́ tí a ṣe é, oògùn tí n kò gbọdọ̀ lò, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti rọ́bà gba imú mi wọ àpòlúkù láìkọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú ọkọ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọkọ mi, ọkọ mi sì mú ìkẹta lọ sí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Bowen, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, tí ìran mẹ́ta nínú ìdílé wa ti bímọ sí, kó lè mọ ẹnu ọ̀nà tí à ń gbà wọlé lóru. Mo sì kọ àwọn àmì ewu sí ara ìlẹ̀kùn fíríìjì ní lẹ́tà gàdàgbà: kí ara gbóná dé 38, kí ọkàn máa lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí mo wà ní ìjókòó, kí ikùn tàbí èjìká máa dùn sí i dípò kó máa rọlẹ̀, kí èémí máa há, kí ojúgun kan wú, kí omi má dúró nínú mi. Ọkọ mi ní kí n fi “Má dúró di àárọ̀” kún un, mo sì kọ ọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a kò lo ìwé náà.

Àwọn àlejò kò ṣòro tó bí mo ti bẹ̀rù. Ènìyàn díẹ̀ ni a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún. Fún ìyókù, iṣẹ́ abẹ inú ni, ó sì jẹ́ òótọ́. Wọ́n gbé Lucozade wá, wọ́n gbé malt wá, àwọn kan gbé àgbo wá, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. N kò gbọdọ̀ mu ohun tó ń hó tàbí tó dùn, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan àgbo. Ìyá mi ló jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń gbà á, tí wọ́n ń dúpẹ́, tí wọ́n sì ń sọ pé, “Dókítà ló fi òfin dè é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.” Kò sí àlejò tó lè bá ìyá ẹni jiyàn lórí ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, tí wọ́n ti gbà mí láyè ohun lílọ̀, ìyá mi se gbẹ̀gìrì. Wọn kò fi ata sí i, wọn kò fi epo sí i, edé díẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Mo ń gbọ́ ìró ìjábẹ̀ wọn láti yàrá, ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e wá nínú àwo ife tíì, ó sì ń dán. Mo jẹ ṣíbí kékeré mẹ́rin, mo sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìkẹrin mo mọ̀ pé ó ti tó. Wọ́n wo àwo náà, ó ṣẹ́ ku ju ìdajì lọ. Wọ́n gbé e kúrò níwájú mi, wọ́n fi àwo mìíràn dé e. Mo na ọwọ́ sí ife omi mi.

“Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú,” ni wọ́n wí, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé a kì í mu omi lé oúnjẹ lórí. Wọ́n mú ọmọ ayò kan kúrò nínú ojú tó kàn, wọ́n pa ọwọ́ dé e lórí itan wọn, wọ́n sì kọjú sí aago ara ògiri.